Èrè Orí Ìpín Dawson Geophysical: Ohun Tó Kù fún Ẹni Tó Ń Dókòwò láti Èkó

Ọ̀pọ̀ àwa tí à ń gbé ní Yábàá àti Sùúrùlérè ló ń fi fóònù ra ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà báyìí, èrè orí ìpín (owó tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ìpín rẹ̀) sì ni àwọn mìíràn fi ń yan èyí tí wọn yóò rà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí Dawson Geophysical, tó fìdí kalẹ̀ sí Midland ní ìpínlẹ̀ Texas. Iṣẹ́ wọn ni láti fi ọkọ̀ ńláńlá mi ilẹ̀ tìtì, kí wọ́n sì gba ìró tó bá ta padà láti abẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn elépo lè mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́.

Ní ọdún 2024, wọ́n san sẹ́ǹtì 32 lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Fún ìpín tí iye rẹ̀ kò tó dọ́là mẹ́ta lọ́jà nígbà náà, owó gidi ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé Èkó. Nítorí pé kò sí àdéhùn owó orí láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lọ́hùn-ún. Ẹni tó ní ìpín 100, tó yẹ kó gba dọ́là 32, dọ́là 22 àti sẹ́ǹtì 40 ló kù fún un.

Ohun tó jẹ mí lógún jù ni pé a kò lè gbé owó oúnjẹ lé irú èrè yìí. Ìnáwó àwọn elépo ni iṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé: nígbà tí iye epo rọ̀bì já wálẹ̀ láti 2014, tó sì tún já ní 2020, ìwádìí abẹ́ ilẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n tètè dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ àti ẹ̀rọ olówó ńlá kò yé jẹ owó àtúnṣe. Yàtọ̀ sí èyí, Wilks Brothers, ilé-iṣẹ́ olùdókòwò kan ní Texas, ra èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín náà ní 2022, nítorí náà àwa kéékèèké kò ní ọ̀rọ̀ kankan sọ lórí bóyá èrè yóò tún jáde. Èmi kò ní gba ẹni tó ti fẹ̀yìn tì nímọ̀ràn láti rà á nítorí èrè.

Alágbàtà tí mo ń lò ní Erékùṣù Èkó kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Iye tó kù nìkan ni áàpù wọn fi hàn, n kò sì rí iye owó orí tí wọ́n yọ àfi ìgbà tí mo kọ̀wé béèrè. Kí ẹ tó fi owó sọ́wọ́ alágbàtà kankan, ẹ bi í bóyá yóò fún yín ní ìwé tó fi èrè, owó orí àti iye tí wọ́n fi ṣẹ́ dọ́là sí náírà hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.