Bàbá tó to eegun apá ọmọ mi: ohun tí ojú mi rí

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n di apá ọmọ mi, ìka rẹ̀ wú bí àkàrà. Aago mẹ́jọ alẹ́ ti lù. Mo sáré gbé e padà sílé bàbá tó ń to eegun fún wa n'Íbàdàn, ọmọṣẹ́ rẹ̀ ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ní sùúrù, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, eegun ló ń so." Mo ní kó pe bàbá. Ó ní bàbá ń jẹun. Ọmọ ń ké, òun ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ fún mi! Mo figbe ta débi pé àwọn ará àdúgbò yọjú.

Ọmọṣẹ́ yìí kan náà ló di apá náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bàbá ló tò ó, ó wá ní kí ọmọṣẹ́ parí rẹ̀. Ìdì náà le jù. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá rọ́nà lọ sí ìka, ẹran ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, á dúdú, gígé ló sì máa ń kù. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe pàdánù apá nílẹ̀ yìí nìyẹn, lórí eegun tí ì bá jinná.

Bàbá jáde, kò tíì fọwọ́. Kò bá mi jiyàn rárá. Ó tẹ èékánná àtàǹpàkò ọmọ náà, ó ju ú sílẹ̀, ó ń wò ó bóyá yóò pọ́n padà. Ó pẹ́ kó tó pọ́n. Ó bi í pé, "Ṣé o mọ̀ ọ́n bí mo ṣe fọwọ́ kàn ọ́ níbí?" Ọmọ ní bí ẹni pé ibẹ̀ ti kú ni. Bàbá gé okùn, ó tú àwọn ọparun pẹlẹbẹ tí wọ́n fi há apá náà, ó wọ bùbá rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù." Ó bá wa wọ mọ́tò.

Kí n sọ òótọ́, lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ, ó wú mi lórí. Ìyá ọkọ mi ti gbé adìẹ dání, torí láyé àtijọ́ wọ́n á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, wọ́n á tò ó, ọjọ́ tó bá rìn ni wọ́n á tú ti èèyàn. Bàbá ní ká gbé adìẹ wa lọ sílé, ká lọ ya X-ray wá. Ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ní, "Eegun kò yọ síta. Ká ní ó yọ ni, mi ò ní fọwọ́ kàn án, ọ̀dọ̀ dókítà ni."

Dókítà obìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà rí òrí lápá ọmọ, ó fajú ro. "Ẹ tún ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí?" Bàbá tó tó bàbá rẹ̀ í bí dúró níbẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Bàbá kàn na X-ray sí i, ó ṣàlàyé bó ṣe bá ìka náà, àti pé kò tíì tó wákàtí kan tóun tú u. Dókítà yẹ apá náà wò títí, ohùn rẹ̀ yí padà: "Bàbá, ẹ ṣeun, sà. Ká ní ó di àárọ̀ ọ̀la ni."

Wọ́n ṣọ́ apá náà mọ́jú. Nígbà tí wíwú náà fà, wọ́n fi P.O.P., ìdì funfun tó máa ń le gbagidi, sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n bọ́ ọ, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ gan. Bàbá ló wá ń fi omi gbígbóná àti òrí nà án díẹ̀díẹ̀, dókítà sì mọ̀ sí i.

Ohun tó ń bí mi nínú di òní ni pé kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo láàárín ilé bàbá àti ọsibítù yẹn. Èkó ti fi òfin gbé ìgbìmọ̀ ìṣègùn ìbílẹ̀ kalẹ̀ láti 1980, iléeṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ náà ti ní ẹ̀ka tirẹ̀ láti 2018. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ bàbá arúgbó kan àti owó mọ́tò tó wà lápò mi ló gbé ọmọ mi dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Bí ọmọ mi bá tún ṣẹ́ lápá, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ọ̀dọ̀ bàbá yìí náà ni mò ń gbé e lọ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò dì í lójú mi.