Gééjì wideband lórí ẹ́ńjìnnì tírọ́ọ̀kì tá a tún kọ́: ó wúlò gan-an, àmọ́ ẹ má gba gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti tún ẹ́ńjìnnì tírọ́ọ̀kì kọ́ rí á mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ́ńjìnnì á stáàtì, ohùn ẹ̀ á dùn létí, ẹ wá tẹ tọ́tù báyìí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ẹ̀kì, gbogbo ẹni tó dúró tì yín ló sì máa ní tiẹ̀ láti sọ. Ẹnì kan á ní kábúrétọ̀ ni, òmíì á ní tímìn ni, ẹnì kẹta á ní kẹ́ ẹ lọ ra pọ́ńpù epo tuntun. Ohun tó jẹ́ kí n ra gééjì wideband yìí nìyẹn, ìyẹn gééjì tó ń fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo hàn ní nọ́ńbà, kí n yéé fi imú gbóòórùn èéfín kí n tó mọ̀ bóyá epo ló pọ̀ àbí afẹ́fẹ́.

Sẹ́ńsọ̀ Bosch LSU 4.9 ló wà nínú páálí, pẹ̀lú wáyà, gééjì róbótó tó ń fi nọ́ńbà hàn, àti irin kékeré tí wẹ́dà máa jó mọ́ páìpù salẹ́ńsà. Fífi sí i ò le. Iná gééjì náà mọ́lẹ̀ jù lálẹ́ ṣá, ó ń wọ̀ mí lójú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe epo ló ń wọ̀n o! Ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù nínú èéfín ló ń wò, ibẹ̀ ló ti ń ṣírò ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo. Tó bá jẹ́ bẹntiróòlù lásán, 14.7 ni ibi tí méjèèjì ti bára mu, ìyẹn kílò 14.7 afẹ́fẹ́ sí kílò kan epo. Nọ́ńbà bá lọ sókè, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, ó bá wálẹ̀, epo ló pọ̀. Sẹ́ńsọ̀ kékeré ayé àtijọ́ kò lè ṣe tó báyìí, kò mọ̀ ju pé epo pọ̀ tàbí epo kéré, fóòtì ẹ̀ á kàn máa fò síwá sẹ́yìn ní àyíká 0.45.

Ohun tó kọ́kọ́ fi hàn mí, owó ẹ̀ pé níbẹ̀. Ní sílò, ìyẹn tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ tọ́tù, gééjì wà ní 16 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, àmọ́ tí mo bá gbé e dé 2,500 RPM (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan) ó máa rọra bọ̀ wá sí nǹkan bíi 14. Ẹni tó bá rí irú ẹ̀ kó má tíì fọwọ́ kan jẹ́ẹ̀tì kankan, ihò tí epo ń gbà jáde nínú kábúrétọ̀. Afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé níbì kan lẹ́yìn kábúrétọ̀ ni. Ní sílò, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà kò pọ̀, ihò kékeré yẹn máa fi ara hàn, tẹ́ ẹ bá wá ṣí tọ́tù, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti pọ̀ débi pé ti ihò yẹn ò já mọ́ nǹkan mọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì máníifóòlù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì ni, ó ti jókòó lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì gbóná tó tún tutù, bóòtì sì ti dẹ̀. Mo tún wọn dè, sílò padà sípò.

Ibi tọ́rọ̀ wá wà gan-an nìyí. Nígbà tó tún yá, gééjì ní 17, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ mi ní ká fi jẹ́ẹ̀tì ńlá sí i kí epo lè pọ̀, mo ní ká kọ́kọ́ tú púlọ́ọ̀gì wò ná. Márùn-ún gbẹ, àwọ̀ wọn pupa rẹ́súrẹ́sú bó ṣe yẹ, ìkẹfà dúdú, ó tutù rin fún epo! Wáyà ẹ̀ ti fara kan máníifóòlù salẹ́ńsà, ó ti jó, iná ò dé ọ̀dọ̀ púlọ́ọ̀gì. Sìlíńdà tí kò jó, ọ́síjìn inú ẹ̀ máa jáde lódidi bó ṣe wọlé, gééjì sì rí ọ́síjìn yẹn ló ṣe ń pariwo pé afẹ́fẹ́ pọ̀. Kò parọ́, ohun tó rí ló sọ. Ṣùgbọ́n ká ní a fi epo kún un ni, epo á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, ríìngì tuntun ò ní jókòó dáadáa, ọ́ìlì ìsàlẹ̀ náà á sì di omi. Gbogbo owó ọ́fáhọ́ọ̀lù yẹn wọlẹ̀ nìyẹn. Bákan náà ni tí páìpù salẹ́ńsà bá lu ṣáájú ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà, á fa afẹ́fẹ́ láti ìta, nọ́ńbà á gòkè lásán. Torí náà iná púlọ́ọ̀gì àti salẹ́ńsà ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́.

Tí ọkọ̀ bá ru ẹrù tó sì ń gun òkè, 12.5 sí 13 ni mo fẹ́ kí n rí. Tó bá ń sún mọ́ 15 nígbà tẹ́ ẹ tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, ẹ tètè yọ ẹsẹ̀, epo ò dé tó nìyẹn, ẹ wo fítà, pọ́ńpù, fílótà, kó tó jó fáàfù tàbí kó lu písítìnì. Ẹni tí tírọ́ọ̀kì ẹ̀ ní kọ̀ǹpútà tó sì ń gbé P0171 jáde, ìyẹn kóòdù tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, sikánà lásán lè tó o, kò pọn dandan kó ra eléyìí.

Ìwé ìlànà wọn ló bí mi nínú. Pé kí sẹ́ńsọ̀ dúró lókè páìpù, láàárín ibi tí nọ́ńbà mẹ́wàá sí méjì máa ń wà lójú aago, kí omi inú salẹ́ńsà má baà fọ́ ọ, lẹ́tà tíntìntín níparí ìwé ni wọ́n fi kọ ọ́. Pé sílíkóònù tá a fi ń lẹ gásíkẹ́ẹ̀tì lè pa sẹ́ńsọ̀, wọn ò tiẹ̀ sọ ọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ àwa tá à ń tún ẹ́ńjìnnì kọ́ gan-an là ń lò ó jù. Epo olójé náà máa ń pa á. Ẹ má sì fi sẹ́ńsọ̀ sínú salẹ́ńsà kẹ́ ẹ máa wa ọkọ̀ kiri nígbà tí gééjì ò tàn, èéfín á bò ó.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, ìwé ìlànà ló jẹ ọ̀kan tó kù.