Bàbá Tó Ń Dá Lẹ́tà Padà Sára Bọ́tìnì Ọkọ̀ Àtijọ́ ní Apo, Àbújá

Bọ́tìnì mọ́kànlá ni mo dì sínú ọ̀rá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní abúlé mẹkáníìkì Apo, nílùú Àbújá, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Mẹ́sàn-án nínú wọn padà sílé pẹ̀lú lẹ́tà àti àmì tó hàn kedere, tí èèyàn lè kà láti orí ìjókòó ẹ̀yìn. Méjì tó kù ni kò jẹ́ kí n kàn yin bàbá tó ṣiṣẹ́ náà kí n sì dákẹ́.

Peugeot 504 ni ọkọ̀ mi. Bàbá mi ló rà á ní ọdún 1984, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná, níbi tí ilé iṣẹ́ Peugeot ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ọdún 1975. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ kò lè dá bọ́tìnì iná mọ̀ yàtọ̀ sí ti ohun tó ń nu gíláàsì, nítorí ìka àti òógùn nǹkan bí ogójì ọdún ti pa àwọn àmì náà rẹ́. Ìka nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ fẹ́ràn láti máa fi aṣọ tí wọ́n ti bọ pẹtiróòlù nu dáṣíbọ́ọ̀dù kí ó lè dán, oòrùn sì ń bá wọn parí iṣẹ́ náà nígbà tí ọkọ̀ bá wà níta láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ti kọ́kọ́ wá àlòkù lọ sí ọjà Panteka ní Kàdúná. Mo rí bọ́tìnì níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tiwọn náà ti pá bíi tèmi.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tí mo ń sọ yìí. Pátákó orúkọ tí wọ́n ń kàn mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ni wọ́n ń fi ọwọ́ fín tẹ́lẹ̀, kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́. (Ṣọ́ọ̀bù tiwọn fúnra wọn kò ní pátákó kankan, àfi kí ẹ béèrè.) Wọn kò dárúkọ owó fún mi títí wọ́n fi wo bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú awò tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú, tí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ wò. Ohun tí wọ́n ń wá ni bóyá ilé iṣẹ́ fín lẹ́tà náà wọnú ike ni, tàbí wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ sójú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fín dà bíi poro: ọ̀dà inú rẹ̀ lè ti ṣí kúrò, ṣùgbọ́n poro náà ṣì wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sójú kò ní ipa kankan mọ́ bí ọ̀dà bá ti lọ. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé kí ẹ tó gbéra: ẹ fa èékánná kọjá lórí ibi tí àmì náà wà, bí ó bá há díẹ̀, fífín ni.

Oríṣi kẹta tún wà nínú àwọn ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn, níbi tí iná ti ń gba inú lẹ́tà yọ lálẹ́. Ike tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá ni wọ́n kùn ní dúdú, tí wọ́n sì ṣí dúdú náà ní ìrísí lẹ́tà; ẹni tó bá fi ọ̀dà dí i ti pa iná rẹ̀. Ẹnì kan gbé irú rẹ̀ wá níṣojú mi, bàbá sì dá a padà láì gba kọ́bọ̀.

Mẹ́sàn-án nínú tèmi jẹ́ fífín, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n ọwọ́ wọn wà. Wọ́n fi omi ọṣẹ àti búrọ́ṣì ìfọyín rírọ̀ fọ̀ wọ́n, wọ́n fi igi ìtayín yọ ìdọ̀tí inú poro, wọ́n sì fi sípíríìtì nù wọ́n gbẹ. Tínà kò dé tòsí wọn, nítorí ó máa ń yọ́ ọ̀pọ̀ nínú ike ọkọ̀. Ọ̀dà olóròóró ni wọ́n rọ sínú poro, wọ́n jẹ́ kí ó fà díẹ̀, wọ́n wá fi aṣọ tí wọ́n wé mọ́ páálí líle, tí kẹrosíìnì kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, nu ojú bọ́tìnì náà. Ìdábùú lẹ́tà ni wọ́n ń nù sí, wọn kì í nu tẹ̀lé gígùn poro, kí aṣọ má baà fa ọ̀dà jáde. Nítorí pé ọ̀dà máa ń sún kì bó bá ti ń gbẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe é, abẹ́ abọ́ ni wọ́n sì ń dé wọn mọ́lẹ̀ sí nítorí eruku ọyẹ́.

Àwọ̀ ọ̀dà náà fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Funfun báláú ni mo fẹ́, àwọn sì ń kán àwọ̀ ilẹ̀ àti pupa rẹ́súrẹ́sú sínú rẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé eyín ọmọdé lo fẹ́ kí n fi sẹ́nu arúgbó?” Ìgbà tí mo dá àwọn bọ́tìnì náà padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago dáṣíbọ́ọ̀dù, tí nọ́ńbà rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀, ni mo tó rí i pé wọ́n jàre.

Bọ́tìnì rédíò méjì ló kù, títẹ̀ sì ni lẹ́tà tiwọn. Lẹ́tà alẹ̀mọ́ ni bàbá lò, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ìdí báírò họ títí yóò fi kúrò lórí bébà, wọ́n sì fọ́n kíláà (ọ̀dà tí kò láwọ̀) tí kò dán bò ó. Ìrísí lẹ́tà náà kò bá ti àtijọ́ mu, ó sanra jù, ọ̀kan sì wọ́ díẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀kan fi ṣí nígbà tí mo nù ún. Mo gbà pé àbọ̀ ẹ̀bi náà jẹ́ tèmi, nítorí òróró ìdándáṣíbọ́ọ̀dù tí a ti fi ń pa á látọjọ́ yìí máa ń jẹ́ kó ṣòro fún ohunkóhun láti lẹ̀ mọ́ ike. Ṣùgbọ́n ₦3,000 ni wọ́n gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí, nígbà tí fífín jẹ́ ₦2,000, tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ tí kò pẹ́ ni mo san owó púpọ̀ jù lé lórí. Bí wọ́n ṣe dá ti oníbàárà kejì padà, ó yẹ kí wọ́n dá tèmi náà padà.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n dá fún mi, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà. Ẹ fúnra yín tú bọ́tìnì yín nílé, kí ẹ sì ya fọ́tò wọn kí ẹ lè mọ ipò wọn. Ọmọ rẹ́wáyà kan tó fẹ́ bá mi tú tèmi ti ṣẹ́ eyín tí ọ̀kan fi ń há mọ́ àyè rẹ̀, torí ike tó ti gbó máa ń kán bíi bisikíìtì. Fífín nìkan ni n ó tún máa gbé lọ bá bàbá. Wọ́n rọ ọ̀dà tó ṣẹ́kù fún mi sínú ìgò oògùn kékeré kan, wọ́n kọ “504” sí i lára, inú àpótí iwájú ọkọ̀ ni mo sì fi í sí.