Ṣájà kékeré tó gba bátìrì ọ̀kadà mi lọ́wọ́ òtútù

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ ń gun ọ̀kadà ní UK níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí òtútù pa bátìrì yín bó ṣe pa tèmi léṣìí o. Ṣe ni mo kàn páàkì ọ̀kadà mi sínú ṣẹ́ẹ̀dì ní Manchester láti November, nígbà tó fi máa di March mo tẹ̀ ẹ́ títí kò dáhùn, bátìrì tuntun ni mo padà rà. Lọ́tẹ̀ yìí mo ra battery maintainer, ṣájà kékeré kan báyìí, ẹ máa so ó mọ́ bátìrì 12V ẹ ó sì fi sí iná, tó bá ti kún á dín iná kù fúnra ẹ̀, tó bá ń lọ sílẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Odidi oṣù mẹ́rin ló fi wà níbẹ̀, lọ́jọ́ tí mo gbé ọ̀kadà jáde ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tẹ̀ ẹ́ tó fi dún, inú mi dùn gan-an! Wáyà ẹ̀ ló kúrú jù, mo ní láti ra ẹsitẹ́ńṣọ̀n.

Àmọ́ ṣájà nìkan ò tó o. Ẹ kọ́kọ́ fọ ọ̀kadà yẹn dáadáa kó tó wọlé, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù máa ń jẹ irin burúkú, kẹ́ ẹ wá fi ọ́ìlì sí ṣéènì. Ẹ rọ epo kún táńkì kínú ẹ̀ má bàa dógùn-ún, kẹ́ ẹ sì da fuel stabiliser, oògùn tí kì í jẹ́ kí epo tètè bàjẹ́, sí i, torí E10, epo bẹntiróò tí wọ́n po ethanol díẹ̀ mọ́ tí wọ́n ń tà láti 2021 yìí, máa ń fa omi mọ́ra.