Newgrange: owó tí mo san kò dùn mí

Bí ẹ bá dé Dublin, ẹ wá àyè lọ sí Newgrange. Ibojì àtijọ́ ni, ní agbègbè Meath, lórílẹ̀-èdè Ireland. Ó ti lé ní 5,000 ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọ, ó sì ju píráḿìdì Giza lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ ó fẹsẹ̀ rin orí afárá kọjá odò Boyne, bọ́ọ̀sì á wá gbé yín dé ìdí òkìtì tó bo ibojì náà.

Afinimọ̀nà wa mọ iṣẹ́ ẹ̀ dunjú. Kò ya ìtàn àwọn àgbà kúrò lára iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn. Ó ní àwọn ará àdúgbò ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé oòrùn àárọ̀ máa ń wọ inú ibojì náà. Michael O'Kelly, awalẹ̀pìtàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1962, gbọ́ ọ títí, ṣùgbọ́n kò rí ẹnì kan tó fojú ara rẹ̀ rí i. Ní December 21, 1967, lásìkò tí ojúmọmọ máa ń kúrú jù lọ́dún, ó dá wọ inú òkùnkùn ibẹ̀ lọ dúró kílẹ̀ tó mọ́. Oòrùn yọ lóòótọ́, ó gba ojú ihò tó wà lókè ẹnu ọ̀nà, ó tàn dé iyàrá inú lọ́hùn-ún. Ká ní ó ti pe ọ̀rọ̀ wọn ní àhesọ ńkọ́?

Afinimọ̀nà wa tún sọ ti Dagda, òrìṣà àwọn ará Ireland àtijọ́, tó dá oòrùn dúró fún oṣù mẹ́sàn-án kí Boann, òrìṣà tó ni odò Boyne, lè lóyún kó sì bí Aengus láàárín ọjọ́ kan. Màmá mi ní, "Ọ̀ṣun tiwọn nìyẹn."

Ọ̀nà inú ibẹ̀ há, ó tó mítà 19. Níbòmíì, ẹ̀gbẹ́ la fi ń rìn. Ẹni tí ibi há-há máa ń já láyà, kó dúró síta. Nínú iyàrá, ẹ gbójú sókè: òkúta ni wọ́n tò léra wọn láìsí sìmẹ́ǹtì, òjò kò sì jò wọlé títí dòní. Wọ́n pa iná, wọ́n wá tan òmíràn tó ń ṣe bí oòrùn. Ìlà pupa rúsúrúsú kan ń rá bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Màmá mi fa ìró rẹ̀ sẹ́yìn kó má baà bò ó.

Ògiri funfun iwájú ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. O'Kelly ló tún un mọ. Ilẹ̀ ni wọ́n ti bá àwọn òkúta náà, àwọn awalẹ̀pìtàn míì kò sì gbà pé bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ní Knowth, ibojì àtijọ́ míì nítòsí ibẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n fi irú òkúta bẹ́ẹ̀ sí. Èyí wù mí jù.

Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ní ti òwúrọ̀ December tí oòrùn gidi ń wọlé, kèké ni wọ́n fi ń mú àwọn tó máa wọlé, mo sì ti forúkọ èmi àti màmá mi sílẹ̀.