Oṣù Mẹ́jọ Pẹ̀lú Aago Ọwọ́ Tó Ń Ka Lílù Ọkàn

Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń lo aago ọwọ́ yìí, èyí tí mo rà ní Lágere, nílùú Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí mo pinnu láti máa sáré láràárọ̀ lójú ọ̀nà tó wọ ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kí ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba títì kan.

Ohun tó níye lórí jù lọ nínú rẹ̀ ni bó ṣe ń ka lílù ọkàn nígbà tí ara bá wà ní ìsinmi. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń tàn sí ọrùn ọwọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá níbẹ̀ ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ náà mu ni aago fi ń mọ iye ìgbà tí ọkàn lù. Ti àgbàlagbà sábà máa ń wà láàárín 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan, ti ẹni tó ń ṣeré ìdárayá déédéé sì lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́rin ni tèmi fi dúró sí 58. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ó gun 61, ó gun 64, ó sì di 69. Mo ní aago ti bàjẹ́. Lórí ibùsùn níbẹ̀, mo fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ mi, mo tẹjú mọ́ aago ara ògiri, mo kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko: 68 ni. Aago kò purọ́.

Nígbà tí mo rò ó dáadáa ni mo rí i pé ara mi ti ń ké tipẹ́ pé eré tí mo ń sá ti pọ̀ jù, ìsinmi kò sì tó. Ó ń rẹ̀ mí tẹnutẹnu, síbẹ̀ oorun kì í kùn mí lálẹ́. Kìlómítà márùn-ún tí mo ń fi ìṣẹ́jú 31 sá ti di ìṣẹ́jú 35. Ọ̀fìnkìn sì mú mi lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan àbọ̀. Ìyàwó mi gbé iyán àti ẹ̀fọ́ rírò síwájú mi lálẹ́ ọjọ́ kan, òkèlè mẹ́ta péré ni mo bù, mo sì jágbe mọ́ ọmọ wa nítorí bàtà lásán.

Ibi tí aago yìí kù sí nìyí, ó sì dùn mí: láàárọ̀ tó ka 69 yẹn gan-an, ó tún ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi pé n kò tíì rin ìgbésẹ̀ 10,000. Ó mọ iye méjèèjì, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀kan wé èkejì. Bí òógùn bá pọ̀ tàbí tí okùn rẹ̀ bá dẹ̀, iye tó ń kà nígbà eré a máa fò sókè sódò, nítorí náà ti òwúrọ̀ nìkan ni mo gbára lé. Bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ márùn-ún, èyí tó tó fún ẹni tí iná mànàmáná kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ déédéé.

Dókítà kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, nítorí pé ibà àti àìtó ẹ̀jẹ̀ lè mú ọkàn sáré bákan náà, kí ó tó ní kí n dá eré dúró. Ó kìlọ̀ pé bí ìtọ̀ bá dúdú bí omi kóòkì lẹ́yìn eré líle, tí iṣan sì ń roni gidigidi, ilé ìwòsàn ni kí èèyàn gbà lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sinmi kí iye náà tó padà sí 59.

Ẹ lè rà á, ṣùgbọ́n ẹ pa ìkìlọ̀ ìgbésẹ̀ rẹ̀. Mo ti pa tèmi. Iye òwúrọ̀ ni mo ń kọ sínú ìwé. Bó bá fi 5 ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fún ọjọ́ méjì, n kì í wọ bàtà eré lọ́jọ́ náà.