Ìbọ̀ orúnkún ọjà Ouando: ta ló wúlò fún, ta ni kò wúlò fún?

Bí gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù bá ti kọjá ọdún 35, orúnkún ló kọ́kọ́ ń rán an létí. Lórí àtẹ àwọn tó ń ta nǹkan eré ìdárayá ní ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́, ohun tí wọ́n máa nà sí i ni ìbọ̀ orúnkún, tí gbogbo wa mọ̀ sí genouillère. Ó dára. Àmọ́ ẹrù tí wọ́n ń gbé lé e lórí ju agbára rẹ̀ lọ.

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Èyí tí wọ́n fi aṣọ ṣe, tó ń fà bí ìbọ̀sẹ̀, kì í pẹ́ tú: ẹ fò ó. Onírin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣe ti pápá. Rẹfirí lè ní kí ẹ bọ́ ọ kó má baà ṣe ẹlòmíì léṣe. Ó ku oní-rọ́bà rírọ̀, néoprène. Èyí tó nípọn tó mílímítà 5 ló bá bọ́ọ̀lù mu. Ti mílímítà 7, àwọn tó ń gbé irin ló ni ín, torí kì í jẹ́ kí orúnkún ká dáadáa.

Wíwọ̀n lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ẹ má wo S, M, L lásán. Ẹ fi tépù télọ̀ yí ojú orúnkún ká, kí ẹsẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá fi wé tábìlì ìwọ̀n tó wà lára páálí. Bí páálí kò bá ní tábìlì, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Bí ẹ bá bọ́ sáàárín ìwọ̀n méjì, ẹ mú èyí tó tóbi, nítorí orúnkún àgbà lè wú díẹ̀ kí ìṣẹ́jú 90 tó pé. Ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ lóṣòó, kí ẹ dìde, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bó bá ń yọ̀ wálẹ̀, ó tóbi jù. Ẹ tẹ èékánná ẹsẹ̀ títí yóò fi funfun. Bí pupa rẹ̀ kò bá padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2, ó ń fún ẹ̀jẹ̀ pa, ẹ bọ́ ọ kíá.

Ẹ̀yìn, níbi tó ti ń ká, ni òwú rẹ̀ ti ń kọ́kọ́ já. Omi gbígbóná àti oòrùn ló ń ba rọ́bà jẹ́: omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ sá a síbi òjìji. Lórí pápá yẹ̀pẹ̀ pupa, ẹ bọ́ ọ gbọn nígbà ìsinmi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa ha awọ ara bíi kànrìnkàn.

Ó ń mú orúnkún móoru, ó ń fún un díẹ̀, ó sì ń fi ọkàn ẹni tó wọ̀ ọ́ balẹ̀. Kì í di iṣan tó ti já mú, kò sì lè dá kèrékèré, egungun rírọ̀ inú orúnkún, tó ti jẹ padà. Ewu rẹ̀ nìyẹn: ó ń bo ìrora tó yẹ kí àgbà ọ̀jẹ̀ fi mọ̀ pé àkókò ti tó. Ẹ má fi orúnkún tí a dì dá ẹjọ́ ìfẹ̀yìntì. Ẹ bọ́ ọ. Ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dìde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láì di nǹkan mú. Bí orúnkún bá ń yẹ̀ lójijì, tàbí tó ń há, dókítà lọ̀rọ̀ kàn, kì í ṣe òǹtajà. Wíwú tó bá sì ṣì wà lẹ́yìn wákàtí 48, nínú ìdíje mẹ́ta tó tẹ̀ léra, ti sọ̀rọ̀ tán.

Àwọn kan yóò dárúkọ El-Hadary ará Íjíbítì, tó mú pẹnáritì lọ́wọ́ Saudi Arabia ní Ife Àgbáyé 2018 lẹ́ni ọdún 45. Aṣọ́lé ni, kì í sáré bí àwọn yòókù. Milla ti Kamẹrúùnù gbá góòlù wọlé lẹ́ni ọdún 42 ní Ife Àgbáyé 1994, àmọ́ ìdajì kejì ni wọ́n tó mú un wọlé. Sèssègnon tiwa pé 35 lóṣù tí ìdíje Áfíríkà 2019 bẹ̀rẹ̀, ó sì bá Benin dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn. Kí olùkọ́ dín ìṣẹ́jú àgbà kù, kó sún un kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bọ́ sáàárín, ìyẹn sàn ju rọ́bà èyíkéyìí lọ.

Ẹ ra ẹyọ kan, fún orúnkún tó ń dùn yín. Bí èkejì bá tún ń bèèrè tirẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi owó yẹn ya rádíò, ìyẹn fọ́tò egungun.